Ẹ̀rọ Yìnyín Bàbá Rẹ Tó Ń Dákẹ́ Lójú Ọ̀nà

Misao ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Tókíò níbẹ̀? Ṣé òtútù ò mú ọ jù? Ṣé ò ń jẹun, kì í ṣe búrẹ́dì tí ènìyàn ń jẹ lórí ìdúró ni mò ń wí o, oúnjẹ gidi, ìrẹsì àti ọbẹ̀ míso gbígbóná? Àwọn baba ńlá wa tó wà lórí pẹpẹ nínú pálọ̀ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí ò ń wọ̀ kò ní gbé ọ lọ síbi tí o ò rán an. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn bàbá rẹ ti tún yarí, tí yìnyín sì ti ga bo fèrèsé ilé ìdáná, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń fọ abọ́ báyìí, ògiri funfun ni mò ń wò bí ẹlẹ́wọ̀n.

Lẹ́tà ni mo kọ torí pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní, Màmá, mo wà nípàdé. Lẹ́tà kì í bá ènìyàn nípàdé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí títí olúwa rẹ̀ yóò fi wọlé. Má bínú bí ìkọ̀wé mi bá ń ta gìrì, mi ò lè jókòó pẹ́. Bí mo bá kọ díẹ̀, màá dìde lọ wo ojú ọ̀nà, bí mo bá wò ó tán, ọkàn mi á tún ní kí n padà lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìnyín ni. O mọ̀ ọ́n, èyí pupa tó máa ń fi eyín jẹ yìnyín níwájú, tó máa ń bì í dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí bàbá rẹ fẹ́ràn jù mí lọ. Mi ò ṣàwàdà. Bó bá lò ó tán, á nù ún gbẹ, á fi aṣọ bò ó, á wá kí i pé ó kú iṣẹ́. Èmi tí mo ti ń se oúnjẹ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ta ló kí mi kú iṣẹ́?

Agbára ẹ̀rọ náà ni kò dúró mọ́. Kì í ṣe pé kò tan o. Bí a bá fa okùn rẹ̀, á bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, á jáde, á jẹ yìnyín lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ìdí igi kákì, igi eléso pupa un nì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ohùn rẹ̀ á rọ, á máa wúkọ́, á gbọ̀n, á dákẹ́. Bó bá sinmi, á tún tan, á tún rìn díẹ̀, á tún kú. Bàbá rẹ ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin bàbá òun náà máa ń ṣe láyé àtijọ́, ìsinmi ló ń fẹ́. Mo bá gbé kúbùsù tí o fi ń sùn nígbà tí o wà nílé ìwé, mo fi bò ó mọ́lẹ̀ nínú abà. Kúbùsù náà ti ń rùn bẹntiróò báyìí, dárí jì mí.

Ká ní tiwa nìkan ni, mi ò bá tí da ara mi láàmú tó bẹ́ẹ̀. Màmá Kiwa ni. O rántí Màmá Kiwa tó ń gbé níparí ọ̀nà wa lókè, tó máa ń lé ọ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi kákì, tí èébú kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lè dá ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nímú, igo irin gíga kan ló sì ń fún un ní afẹ́fẹ́, ọkọ̀ kan ló máa ń gbé igo tuntun wá láti ìlú. Títì ńlá ni katakata ìjọba ń gbá, ọ̀nà tiwa, àwa la ni í. Bí ẹ̀rọ bàbá rẹ bá kú, ọkọ̀ afẹ́fẹ́ ò lè gòkè.

Ìwọ lo ní kí n ya fọ́tò ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Mo yà á, mo gbé fóònù sójú fèrèsé kó lè tètè ráyè jáde. Ìwọ náà wá rán ọkùnrin kan sí wa, èyí tó ń tú ẹ́ńjìnnì nínú fóònù. Mo bọ́ aṣọ ìdáná, mo ya irun mi, bàbá rẹ tẹríba fún un. Misao, ọkùnrin yẹn ò kí wa. A kí i títí, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ. Ó ní bẹntiróò tó ti pẹ́ nínú táǹkì kì í dára, a dà á nù, a ra tuntun. Ó ní ká yọ púlọ́ọ̀gì ká nù ún. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró kí n mú sípánà wá. Kí n tó dé, ó ti da tiẹ̀ padà, ó ń nuwọ́! Ibi tí mo ti fẹ́ bínú ni obìnrin kan já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní òun ní ìpara tó ń mú ojú jọ̀lọ̀. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ni. Mo ní ẹ ṣeun mà, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe wá, kì í ṣe ojú. Bàbá rẹ wò mí, ó ní ṣé mi ò lè kọ́kọ́ gbọ́ iye tó fẹ́ ta ìpara náà ni.

A nu púlọ́ọ̀gì títí ó fi ń dán, ẹ̀rọ ò yí ìwà padà. Mo bá pe nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Obìnrin olóhùn dídùn kan gbé e, ó ní bí ẹ̀rọ kò bá tan rárá, kí n tẹ ení, bó bá ń tan ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ ń lọ, kí n tẹ èjì. Mo sáré lọ sínú abà, mo ka àwọn bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ láti ọwọ́ òsì, mo tẹ ìkejì. Iná iwájú rẹ̀ ló tàn. Mo sáré padà, mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́ mà. Ó ní òun ò gbọ́ ohun tí mo tẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́, nígbà tí abà jìnnà sí fóònù? Mo gbé fóònù lọ síbẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó dàbọ̀.

Dúró ná, mo ń bọ̀.

Yìnyín ló já bọ́ láti orí òrùlé, mo rò pé ọkọ̀ ni. Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?

Ẹ̀ẹ́n, ọjọ́ tí ọkọ̀ afẹ́fẹ́ yóò wá gan-an ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, ó ń bọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń tu ìyẹ́ adìyẹ. Bàbá rẹ mú ṣọ́bìrì, ó ní kí ẹ̀rọ máa sùn, òun ò tíì darúgbó. Ó kó o díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ há, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Mo wọ́ ọ wọlé, mo tì í sábẹ́ kotatsu kí iná abẹ́ tábìlì náà lè rọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó tún ń pàṣẹ, ó ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun, pé ó mọ ọwọ́ olówó rẹ̀. Mo ní ẹ jókòó síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣe ọ̀gá tábìlì.

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀, mo fa okùn, ẹ̀rọ tan. Mo gbójú sókè, aṣọ fèrèsé Màmá Kiwa ṣì wà ní fífà dé, bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn ló máa ń jí àkùkọ. Mò ń ti ẹ̀rọ lọ, mò ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá. A dé ìdí igi kákì, ó wúkọ́, ó kú. Mo fa okùn títí apá mi fi fẹ́ yọ. Mo bú u. Mo gbá a létí, má sọ fún bàbá rẹ. Mo wá ní kí n wo inú táǹkì, bóyá bẹntiróò ló tán.

Bàbá rẹ ti fi ọ̀rá bo ìdérí táǹkì náà, ó fi rọ́bà so ó yíká pinpin kí yìnyín má bàa wọnú epo. Ọ̀rá náà ti gan mọ́ ọn lórí. Mo fi eyín já rọ́bà, mo fa ọ̀rá ya, mo yí ìdérí. Misao, ẹ̀rọ náà mí! Ó fa afẹ́fẹ́ wọlé, fìììn, bí Màmá Kiwa ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá pààrọ̀ igo rẹ̀. Mo gbé ìdérí náà súnmọ́ ojú, ihò kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ lè kọjá. Imú rẹ̀ nìyẹn! Bó ṣe ń mu epo tó, kò rí afẹ́fẹ́ fà sínú táǹkì dípò rẹ̀, ni epo ò fi sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo fẹnu fẹ́ ihò náà, mo dé e padà láìsí ọ̀rá, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ó bú. A kọjá igi kákì. Kò wúkọ́, kò rọ, ó ń da yìnyín sókè bí ẹni tí inú ń bí, èmi náà ń pariwo tẹ̀lé e, mi ò mọ ohun tí mò ń wí.

Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn Màmá Kiwa, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó wọ kóòtù, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú bí èso àjàrà. Mo wo igo irin, ìyá yẹn ti fọwọ́ ara rẹ̀ dín afẹ́fẹ́ tó ń jáde kù, kí èyí tó ṣẹ́kù lè pẹ́. Mo figbe ta, mo ní ẹ fẹ́ kú ni? Ó ní òun ń gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì wa ń kú ṣáá, nígbà tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan yìí, òun ní ó parí, àwa náà ti kó lọ, lòun bá múra kí òun bá ọkọ̀ afẹ́fẹ́ lọ bó bá dé. Ó ní òun gbọ́ pé o fẹ́ kó wa lọ sí Tókíò, òun rò pé ojú ló tì wá tí a ò fi wá dágbére. Ó ní bí òun bá gbọ́ ẹ̀rọ Genzo bàbá rẹ láàárọ̀, òun á mọ̀ pé ènìyàn ṣì wà nísàlẹ̀, òun á dìde, òun á gbé omi kaná. Bí òun ò bá gbọ́ ọ ńkọ́, kí lòun ń dìde ṣe?

Mo yí afẹ́fẹ́ igo náà sókè, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọkọ̀ afẹ́fẹ́ gòkè wá láìpẹ́. Wọ́n pààrọ̀ igo, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó wo ìta, ó ní, Mineyo aláìlójú, orí ibi tí mo sin kábéèjì mi sí kó má bàa bàjẹ́ lo da gbogbo yìnyín lé! Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò ní kú.

Mo délé, mo sọ fún bàbá rẹ pé ọ̀rá rẹ̀ ló ń fún ẹ̀rọ lọ́rùn. Ó ní irọ́ ni. Nígbà tó yá, ó ní ààbò lòun fẹ́ fi bò ó. Mo ní ẹni tó fi ọ̀rá bo ọmọ nímú kí òtútù má mú un, ṣé ọmọ yẹn ló fẹ́ tọ́? Ó kọjú sógiri. Ó wá bi mí pé, ṣé ó kọjá igi kákì lóòótọ́? Mo ní ó kọjá. Ó ní ohùn rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó dùn. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ tábìlì.

Ilé tí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ yẹn dára, èyí tó wà lókè téńté, tí o ní yìnyín kì í yọ ènìyàn lẹ́nu níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n a ò lè wá báyìí, jọ̀wọ́ má jẹ́ ká jà lé e lórí. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò mọ ẹni tí yóò fa okùn náà lọ́jọ́ tí apá mi bá kọ̀. Òun ni mi ò fi lè jókòó.

Bá wa wá ìdérí táǹkì tuntun, eyín mi ti ba etí èyí jẹ́. Fi owó díẹ̀ kún un fún bẹntiróò, ohun tí kò bá ni ọ́ lára. Má fi owó náà sínú fóònù o, fóònù ti bọ́ sínú yìnyín, ó ṣì tutù, mi ò fẹ́ kí owó rẹ rin. Bí ìwọ fúnra rẹ bá lè gbé e wá, mo ti so dáíkónì, ẹ̀fọ́ oníṣu funfun un nì, rọ̀ sínú èéfín, ó ti ń pọ́n.

Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. Ibi tí agbára rẹ bá ti fẹ́ rẹ̀yìn, wàá rí atẹ́gùn fà. O ò ní pe ènìyàn rẹ kó má dáhùn.

Mo fẹ́ pa ìwé yìí dé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí. Yìnyín ò rọ̀ láàárọ̀ yìí, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ojú ọ̀nà mọ́, síbẹ̀ bàbá rẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó rọra jáde, ó lọ tan ẹ̀rọ. Mo yọjú, mo bi í pé kí ló fẹ́ kó. Ó ní òun ò kó nǹkan kan, Màmá Kiwa lòun ń kí káàárọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mineyo