Mọ́mì, Mo Bá Ohùn Yín Nídìí Tẹ́tẹ́

Mọ́mì mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn máa yí ọ̀rọ̀ po, nítorí náà kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Délé ti fi ohùn yín fún àwọn onítẹ́tẹ́.

Délé yìí kan náà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń pè yín ní Mọ́mì, tó jẹ́ pé ìgbàkigbà tó bá ti wọlé wa ní Ikosi, ìdí ìkòkò ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Òun ló di máíìkì mú nígbà tí a ń gba ohùn yín sílẹ̀. Ṣé ẹ rántí? A pa fáànù, a ti fèrèsé, a ta búláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ má baà wọlé. Òógùn ń bọ́ lójú yín sórí ìwé, síbẹ̀ tí ẹ bá ti ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, ẹ ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tíṣà ni yín, ìfẹ̀yìntì ò mú un kúrò. Ẹ bi mí pé ta ló máa gbọ́ ọ. Mo ní àwọn tí ojú wọn ò ríran ni, kí ẹ̀rọ lè máa ka ìròyìn àti Bíbélì fún wọn ní Yorùbá tó já gaara. Ẹ ní tó bá jẹ́ tìyẹn, ẹ ó kà á títí ohùn yín á fi há. Ìlérí tí mo ṣe fún yín nìyẹn.

Mi ò ṣàlàyé fún yín dáadáa nígbà yẹn bí a ṣe ń fi ohùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é báyìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé àṣẹ ni a máa ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ìlà lórí ìlà. Ògbufọ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń ka ìwé náà, tó sì ń ṣe ohun tó bá kà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ yẹn ò yára. Iṣẹ́ tó bá wúwo, bíi síso àwọn ọ̀rọ̀ yín pọ̀ kó dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, agbára rẹ̀ ò ká a. Nítorí náà mo kọ iṣẹ́ yẹn sọ́tọ̀ sínú fáìlì kan, ohun tí àwa ń pè ní láíbúrárì, mo sì kó ohùn yín sínú rẹ̀. Fáìlì náà á jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà tí ògbufọ̀ bá dé ìlà tó ní kó lọ gbé e wá ló máa gbé e, á pe iṣẹ́ inú rẹ̀ ní orúkọ, ẹ̀yin náà á sì lanu. Mo sọ fáìlì náà ní "tisa". Mo sọ iṣẹ́ inú rẹ̀ ní "ka". Ohun tí mi ò rò ni pé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í bèèrè ẹni tó ń pe òun. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tó wà, tó sì mọ orúkọ tó ń jẹ́, á dá a lóhùn.

Ní Túsìdeè kan, mo ń tún láíbúrárì náà ṣe, mo sì yí "ka" padà sí "ka_iwe". Mo tún ìwé àṣẹ tiwa kọ kó bá a mu, ó ṣiṣẹ́. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun gbé "tisa" wá, òun ò rí iṣẹ́ tó ń jẹ́ "ka" nínú rẹ̀. Mo yẹ tiwa wò lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe tiwa ló ń ké. Ìwé àṣẹ mìíràn ni, nínú fódà Délé, lórí ẹ̀rọ kan náà tí a jọ ń lò ní ọ́fíìsì wa ní Ketu. Mo ṣí i. Kò ju ìlà díẹ̀ lọ: ibi tó ti gbé yín wá, ibi tó ti pè yín, àti ohun tó ní kí ẹ sọ.

Mo dá orúkọ àtijọ́ padà kí n lè gbọ́ ọ. Mọ́mì, ẹ̀yin ni. Ohùn tí ẹ fi ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ fi ń sọ pé: "Ọmọ mi, má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù òní kọjá lára rẹ. Ta tẹ́tẹ́ rẹ báyìí, orí rẹ á gbè ọ́."

Ọmọ mi. Bí ẹ ṣe máa ń pè mí gẹ́lẹ́.

Ọ̀sán ni Délé wọlé. Mi ò jẹ́ kó jókòó.

"Délé, kí ni ohùn Mọ́mì mi ń ṣe nídìí tẹ́tẹ́?"

Kò sẹ́. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Àbẹ̀gí, fara balẹ̀. Fáìlì lásán ni. Mọ́mì kọ́ nìyẹn."

"Ta ló kà á?"

"Mọ́mì ló kà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò sí mọ́. Kí ló tún máa dùn wọ́n níbẹ̀?"

Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo wo ọjọ́ tó kọ ìwé àṣẹ yẹn. Ẹ ṣì wà láyé nígbà náà, Mọ́mì. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà ní ọsibítù ni, ọ̀sẹ̀ tó gbé ọsàn wá, tó bó o fún yín, tó ń yọ kóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà há yín lọ́fun. Ẹ gbàdúrà fún un lọ́jọ́ yẹn títí tí mo fi jowú díẹ̀. Ṣé ó ti fi yín tọrẹ tán kó tó wọlé wá bá wa ni? Àbí láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín ló ti lọ kọ ọ́? Mo bi í. Ó ní, "Ah, mi ò rántí o."

Bóyá ká ní ó purọ́ fún mi, ì bá sàn. Pé kò rántí gan-an ló pa mí.

Mo kó ẹrù mi kúrò ní ọ́fíìsì náà, mo sì gbé ìwé àṣẹ tiwa àti láíbúrárì náà lọ sórí ẹ̀rọ mi nílé. Mo kọ̀wé sí àwọn onítẹ́tẹ́ pé kí wọ́n yọ yín, wọn ò fèsì. Délé ti fún wọn ní ẹ̀dà tiwọn, ọwọ́ mi ò sì tó o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ra ata ní Mile 12, mo gbọ́ yín láti inú fóònù ọkùnrin kan tó jókòó sórí àpò àlùbọ́sà. Mo dúró bí igi. Ojú tì mí, bí ẹni tó bá ìyá rẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Ìbínú yẹn ni mo gbé délé tí mo fi yọ láíbúrárì náà kúrò lórí ẹ̀rọ pátápátá. Mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a torí wọn ṣe é. Ògbufọ̀ dé ìlà tó ní kó gbé yín wá, kò bá yín, ó dúró síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá kan pè mí láti Ifákọ̀, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́.

"Jọ̀wọ́, ṣé ara Màmá ò yá ni? Wọn ò ka Sáàmù fún mi láàárọ̀ yìí."

Ó ti ń rò pé ẹnìkan ló ń jókòó kà á fún òun lójoojúmọ́. Mo ní, "Bàbá, Màmá ti kú, sà. Ó ti ṣe díẹ̀."

"Háà," ló wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo sì ń kí wọn láràárọ̀."

Mo jókòó, mo mú ohùn yín tí a gbà sílẹ̀ nígbà yẹn, mo tún láíbúrárì náà kọ. Ó ń bèèrè ẹni tó ń pè é báyìí kó tó lanu, ẹni tí mi ò bá sì fún ní kọ́kọ́rọ́, kò ní dá a lóhùn. Bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní di ìyẹn ru Délé. Mo fi ohùn yín sílẹ̀ bí ilé tí kò nílẹ̀kùn, ẹ sì ti fọkàn tán mi.

Ó wá ku kí n dán an wò. Ó gba kí n kọ ohun tí ẹ máa sọ. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́: "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi." Gbogbo àmì ohùn rẹ̀ pé. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló kù, ẹ ó sì sọ ọ́, bí ẹni tó jókòó tì mí. Ìka mi wà lórí rẹ̀. Mọ́mì, ó wù mí ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Kí ló wá ku tí mo fi yàtọ̀ sí Délé?

Mo pa á rẹ́. Mo kọ Sáàmù tí bàbá yẹn ń retí síbẹ̀, mo sì jẹ́ kí ẹ kà á fún un.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu.