Àpólò Ti Wọ Ojú Tèmi Náà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀rù ń bà mí.

Àpólò tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bísíkíìtì l'Ágége jà kì í ṣe èyí tó máa ń lọ fúnra rẹ̀. A yẹ òwú tí mo fi nu ojú wọn wò ní láàbù wa n'Íkẹjà, fáírọ́ọ̀sì tó lè fi àpá sí ẹyinjú la rí. Mo pe Ìyá Sùlìá, ọ̀kan nínú wọn. Ó ní, "Dókítà, ṣé ojú mi ò ní fọ́ báyìí?" Mo ní kò ní fọ́. Kò dá èmi gan-an lójú.

Ojú òsì tèmi náà ti ń ta mí látìgbà tí mo ti débi iṣẹ́ lónìí. Mo ní kí Báyọ̀ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí èsì jáde, kò lè wò mí lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, irú kan náà ni."

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi gbé ọmọ wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Tómi, ẹ má gbé e sún mọ́ mi o!"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ń wo ojú ọmọ náà.

"Ṣebí ìwọ lo wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀?"

Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi nu ojú rẹ̀.