Fàtáì Tí Mo Sọ Di Jacob

Gadumo,
Lọ́kọ́ja.

Adéòkè ọmọ mi,

Okun o. Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ àti ti àwọn ọmọ, jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí o wà ní kíláàsì kẹrin, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ tán, àyà mi yóò já, n ó sì fi ìkíni nìkan parí lẹ́tà yìí. Ọjọ́ tí alábẹ̀wò ìjọba wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa, tí mo nà ọ́ lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, tí mo ní òpùrọ́ ni ọ́, ìwọ kò purọ́. Èmi ni mo purọ́.

Ṣé ara le? Ọlọ́run tó mú ọ láti ìdí ṣọ́ọ̀kì dé ipò ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́, tó tún mú ọ láti ibẹ̀ wọ Ilé Aṣòfin ní Àbújá, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀. Ewúrẹ́ funfun bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Òrùlé tí o ní kí wọ́n tún ṣe kò jò mọ́. Bridget aránṣọ, aládùúgbò wa, ń kí ọ, òun náà ló sì mú lẹ́tà yìí wá, nítorí n kò gbẹ́kẹ̀ lé fóònù mọ́, ìwọ náà yóò sì rí ìdí rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àwọn ọkùnrin méjì kan wá sílé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan kalẹ̀, wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ rẹ ni àwọn, àwọn ń kó ìtàn ìgbésí ayé Ọnórébù jọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ tó baba tó bí i. Inú mi dùn. Ọ̀kan gbé fóònù sókè síwájú mi. Èmi rò pé bíi fótò ayé àtijọ́ ni, tí èèyàn á gbára dì, tí wọ́n á ní ó yá, tí iná á sì kọ mànà. N kò rí iná kankan, nítorí náà mo gbà pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀, mo bá ń bá wọn tàkúrọ̀sọ láti fi dúró de iná náà.

Mo sọ bí o ṣe ń kọ́ àwọn ewúrẹ́ mi ní ìṣirò nígbà èwe. Mo sọ bí o ṣe gun òkè Agbaja, tí o kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ igi máńgòrò títí ìjọba fi tijú tó kọ́ yàrá méjì fún wọn. Wọ́n ń mi orí ṣáá. Nígbà tó yá, ọ̀kan bi mí bóyá o máa ń purọ́ ní kékeré. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àní mo ti nà ọ́ rí níwájú alábẹ̀wò, nítorí irọ́ ńlá kan tí o pa mọ́ ilé ẹ̀kọ́ mi. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn láti ọdún gbọọrọ wá, mo fi ń pa àlejò lẹ́rìn-ín.

Gbólóhùn yẹn nìkan ni wọ́n gé mú lọ. Kò sí Agbaja níbẹ̀, kò sí igi máńgòrò. Ní Sátidé, Bridget gbé fóònù rẹ̀ wá, mo rí ara mi tí mo ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n mi pé baba Ọnórébù gan-an ló pè é ní òpùrọ́. Wọ́n ní nígbà tí o bá dìde ní Ilé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí láti ka àbọ̀ rẹ lórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ògiri, tí kò ní ọmọ, tí owó ìjọba sì ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?

Mo ní kí Bridget pa á rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pòórá lójú mi, mo ní Olúwa ṣeun, mo lọ sùn. Ọjọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún bá ara mi lórí fóònù akọ̀wé ìjọ. Mo rò pé Bridget kò nù ún dáadáa ni, bí ìgbà tí dọ́sítà ìnupátákó bá ti gbó. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Lokongoma, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé, mo ń kan ilẹ̀kùn wọn láti ilé dé ilé, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ pa mí rẹ́. Àwọn tí kò tíì rí i ní kí n mú sùúrù, kí àwọn kọ́kọ́ wò ó.

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ tó gbé mi padà ń wò mí nínú dígí rẹ̀ títí. Ó ní ṣé Bàbá Hẹ́dímásítà kò mọ òun ni, ó ní òun ni Jacob. Mo mọ̀ ọ́n wàyí: Fàtáì ni.

O kò lè gbàgbé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò pé iye tí ìjọba fẹ́, wọ́n sì fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Mo lọ bá Bùràímọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí ní ìsàlẹ̀ ìlú, ó yá mi ní ọmọ, bí èmi náà ti máa ń yá a nígbà tó bá kan tirẹ̀. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tó wà nínú ìwé wa; Jacob ni mo fún Fàtáì. Alábẹ̀wò pe Jacob, ó tún pe Jacob, Fàtáì ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé wọ́n ń bá ará Ìdá wí. Ìwọ lo dìde, o ní ẹ jọ̀wọ́ sà, Fàtáì ló ń jẹ́, ilé ẹ̀kọ́ Bùràímọ̀ ni wọ́n ti mú un wá. Mo gbé pàṣán. Mo nà ọ́ títí Fàtáì fi dìde fúnra rẹ̀, tó ní òun ni Jacob.

Fàtáì ní ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìsíátù ìyá òun bi òun pé kí ni wọ́n kọ́ òun ní ilé ìwé àwọn Kìrìsítẹ́nì, òun ní wọ́n kọ́ òun ní orúkọ. Ó rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ orí ìwé tí Ọnórébù ń wá kiri yìí, ṣé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ̀kan nínú wọn?

Ẹ̀rù ń bà mí, Adéòkè. Ọkọ̀ onígíláàsì dúdú kan ti kọjá níwájú ilé, ó tún padà. Ẹnìkan pè mí, kò sọ orúkọ, ó ní kí n má yí ohun tí mo sọ padà, ó ní àwọn mọ ọ̀nà tí o ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Mo fi tábìlì dí ilẹ̀kùn. Ìrẹsì náà wà ní kọ̀rọ̀, n kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè fún adìyẹ, kí ó má lọ jẹ́ pé wọ́n fi nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé mo mọ ohun tí ẹni tó wà nípò máa ń ṣe bí ọmọdé bá sọ òótọ́ lójú àlejò. Kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Pàṣán ló máa ń wá. Èmi gan-an ni ẹni náà rí.

Mo ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà mìíràn pé kí o jókòó jẹ́ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kí o ní ara rẹ kò yá. Mo fà á ya. Fàtáì ní kí n ṣe fídíò tuntun, mo kọ̀, nítorí ẹnu tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò tún gé e. Mo ń bọ̀ fúnra mi, Fàtáì náà ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà Àbújá kò fara rọ. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun gan-an níwájú ìjọba lọ́jọ́ kan.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì rán Bridget, kí ó sì fi ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kún un. Má fi í sí báǹkì o. Wọ́n ní ojú ni wọ́n fi ń gba owó níbẹ̀ báyìí, àwọn tó sì gbé ojú mi lọ kò ní pẹ́ débẹ̀.

Olúwa yóò ṣíwájú rẹ, yóò sì tẹ̀lé ọ lẹ́yìn. Ọwọ́ ìkà kò ní tó ọ. Àwọn ọmọ tí o kọ́ yóò jẹ́rìí rẹ níbi gbogbo.

Bí ọ̀nà kò bá jẹ́ kí n dé, ka èyí sí wọn létí pẹ̀lú orúkọ mi: èmi Christopher Oyèníyì, tí mo jẹ́ hẹ́dímásítà, sọ pé Adéòkè ọmọ mi sọ òótọ́ níwájú alábẹ̀wò, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni nígbà tí mo gbé ọwọ́ sókè láti nà án. Ẹ̀rí baba tí mo fi dù ọ́ nìyí. Tìrẹ ni. Gbà á.

Bàbá rẹ,
Christopher Oyèníyì