Ọmọ Tí Wọ́n Sìn Padà Sílé Ọkọ

Sátidé, oṣù Ọ̀wàrà

Ṣé ènìyàn lè sunkún níwájú ère kó má jẹ́ pé ó ti bọ ọ́? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn.

Mo ti kà nípa Durga, òrìṣà àwọn Híńdù tó pa àǹjọ̀nnú tó para dà di ẹfọ̀n. N kò mọ̀ pé bí ọmọ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ọmọ tó ń ti ilé ọkọ wá kí òbí rẹ̀ lọ́dọọdún. Òní ló ń padà sílé ọkọ. Ní gbọ̀ngàn kan ní Farmers Branch, nílùú òyìnbó níbí, Mita, tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì, fi ewé nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère Durga, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Kí lo sọ fún un?"

"Pé kó má pẹ́ kó tó tún wá."

Omijé bọ́ lójú mi. Èmi, ìyàwó díkónì! Mita fi àtíkè pupa kùn mí níwájú orí, bí àwọn obìnrin yòókù ti ń ṣe fún ara wọn.

Bí mo ṣe wọlé ni ọkọ mi figbe ta: "Ìyá Tólú, ẹ̀jẹ̀ ni?"

Mo ṣàlàyé, mo sì ń retí àdúrà ìtúsílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo ni Tólú àti ọkọ rẹ̀ wá kí wa gbẹ̀yìn?"

Ìlú Sachse tí wọ́n ń gbé kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí nínú àwa méjèèjì.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa iná.