Ẹ Má Tíì Gba Lọ́rì Lọ Wo Sinimá ní Òṣogbo

Yèyé mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Èmi Jídé yín ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo kí Bọ́dé àbúrò mi, ẹni tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí Bàbá Ìwàrà, ẹ̀gbọ́n yín, àti gbogbo ìyá ìjọ wa ní Iléṣà. Ara mi le. Inú mi ni kò dùn.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bọ́dé kọ̀wé sí mi pé sinimá tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí ti ń bọ̀ ní Òṣogbo, pé wọ́n ti lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri, ẹ sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ẹ máa gba lọ́rì lọ wo ojú ọmọ yín. Ó ní ẹ sọ pé ojú yín ń ṣú, pé ẹ fẹ́ rí ojú mi kó tó ṣú tán. Yèyé, mo ka ìlà yẹn, mo jókòó sórí ibùsùn, mo sunkún bí ọmọdé. Àwọn tó ń múra ti pọ̀ jù, n kò lè kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo ṣe ní kí gbogbo ìlú kúkú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ojú mi kò sí nínú sinimá náà.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe lọ. Ẹ rántí pé iṣẹ́ rélùwéè Òṣogbo ni mo fi sílẹ̀ wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbí. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ni mo wà nígbà tí ọkùnrin kan wá sọ fún wa pé àwọn kan ń ya sinimá nípa àwọn amí, wọ́n sì ń wá ọkùnrin adúláwọ̀ tó síngbọnlẹ̀. Mo lọ. Wọ́n ní kí n máa ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹni tó máa dalẹ̀ ọ̀gá àwọn amí. Ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ̀wé sí yín. Ìkánjú mi ló fa gbogbo rẹ̀.

Irọ́ inú iṣẹ́ yìí pọ̀, Yèyé! Mọ́tò tí ẹ bá rí tó ń sáré bí ẹni tí ẹkùn ń lé, kò ní ẹ́ńjìnnì. Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ tí à ń tì í, tí a ń làágùn nínú òtútù, wọ́n á wá dọ́gbọ́n mú kí àwòrán yára. Gíláàsì tí amí fò gbà kọjá, ṣúgà ni wọ́n sè tó gan. Mo lá a, ó dùn. Òjò náà, ọkọ̀ panápaná ló ń tú u lé wa lórí. Ibọn mi, igi ni. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti igbó. Wọ́n ní Áfíríkà ni ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀, wọ́n wá fi aṣọ gé ewé sínú gbọ̀ngán kan, wọ́n so kòkó rọ̀ sí ṣóńṣó ẹ̀ka bí ẹni so ọsàn. Níṣojú èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n tọ́ nínú oko kòkó! Mo lọ bá ọ̀gá tó ń darí wa, mo ní ara igi gan-an ni kòkó ń so mọ́. Ó ní ta ló bi mí, pé inú ife nìkan làwọn tó máa wò ó ti mọ kòkó. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ó ń ká mi lára di òní. Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá rí kòkó yẹn, ẹ má rò pé èmi ni mo so ó bẹ́ẹ̀ o.

Ọjọ́ tí ó kàn mí wá dé. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi di ibọn mú, ọwọ́ òsì ni wọ́n ní kí n fi na àpòòwé kan sí òṣèré tó ń ṣe ọ̀gá amí. Bàbá náà ti hewú, ó dàgbà tó Bàbá Ìwàrà. Wọ́n ní kí n máa wò ó tìkàtìkà. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti gbé ibọn sí ọwọ́ òsì, mo ti fi ọwọ́ ọ̀tún na ìwé, mo sì ti tẹ orúnkún. Ọ̀gá tó ń darí wa pariwo. A tún un ṣe, ó tún ṣẹlẹ̀. Mo bá ọwọ́ mi wí, mo bá orúnkún mi wí, wọn ò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Ọ̀gá bi mí pé irú ọ̀daràn wo ló ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó fẹ́ pa. Mo ní àgbàlagbà ni. Kò yé e. Bàbá yẹn fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, wọn ò gbà. Wọ́n ṣí fìlà lórí mi, wọ́n fi dé ọkùnrin Jàmáíkà kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Ojú tirẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní Jídé.

Wọ́n dá mi padà sẹ́yìn mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Inú bí mi sí ọ̀gá, ó bí mi sí ara mi. Ó tiẹ̀ bí mi sí yín, Yèyé, ẹ̀yin tí ẹ ń fi orógùn gbá mi lọ́wọ́ òsì nígbàkígbà tí mo bá fi na nǹkan sí àgbà. Òtútù ibí ń wọ egungun. Obìnrin tó ni ilé tí mò ń gbé kì í dáhùn bí mo bá kí i káàárọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ mú inú mi dùn, ẹ̀kọ́ ilé ló bà á jẹ́. Ojú tì mí láti kọ̀wé. Mò ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la, títí sinimá fi dé Òṣogbo.

Nígbà tí iṣẹ́ ku díẹ̀ kó parí, wọ́n fẹ́ ya ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ yẹn nìkan, níbi tó ti ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin Jàmáíkà ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ, ni wọ́n bá pè mí. Obìnrin tó ń kun àwọn òṣèré mú àtíkè wá, ó fẹ́ fi bo àpá ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ibi tí àdá ti ṣá mi lóko Ìwàrà, tí ẹ fa ìró yín ya tí ẹ fi dì í. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìyá mi mọ àpá yẹn. Ó wò mí díẹ̀, ó dá àtíkè rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ dákun, ẹ fi lọ́rì sílẹ̀. Kí Bọ́dé mú Yèyé nìkan lọ, kó wá àyè fún wọn níwájú pátápátá. Tí òjò panápaná bá ti dá, ẹ ó rí tábìlì kan. Yèyé, ẹ má ṣẹ́jú. Lára ògiri tí wọ́n ń tan sinimá sí, ọwọ́ mi ga ju ilé wa lọ, àpá náà sì gùn ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ojú yín ì báà ṣú tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i.

Ọlọ́run yóò dá ojú yín sí dè mí. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ kò ní sunkún mi. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìwàrà, ẹ bá mi kí ará ilé àti ará àdúgbò, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ fi orógùn kọ́,
Jídé