Ọ̀rọ̀ Tí Káfíńtà Kò Sọ

Ọmọ mi àtàtà, Ayùn Kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo tún béèrè: ṣé àlàáfíà lo wà? Bí ó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo ń ka ìwé yìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ débi tí orí rẹ ò ní bá ọ dé, àmín. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Àǹtí rẹ aránṣọ ń kí ọ, òun náà ò jẹun gidi láti ọjọ́ mẹ́ta. Pẹ́ńsù tí mo fi ń fa ìlà sára pákó ni mo fi ń kọ ìwé yìí, má bínú bí ó bá rí gàdàgbà. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ṣí fóònù láti kí ọ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹbí. O jáde lọ síbo? Láti ọdún méjì tí àǹtí rẹ ti kó gbogbo wa sínú ẹgbẹ́ náà lọkàn mi ti balẹ̀, torí mo mọ̀ pé o ò dá wà nílùú ńlá yẹn, àwa mẹ́tàdínlógún la jọ wà. Mo bẹ àǹtí rẹ pé kó padà wọlé síbẹ̀ kó wò ó dáadáa, bóyá àwọn tó sanra nínú ẹbí ló dí ọ mọ́lẹ̀. Ó ní o ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà rẹ, obìnrin tó máa ń dáhùn ní òun ò lè rí ọ. Mo bi í pé ìgbà wo ló rí ọ kẹ́yìn, ó kàn tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ni. A pe ìbátan, a pe ojúlùmọ̀, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ.

Ohun tó wá jẹ́ kí ẹ̀rù yẹn di jìnnìjìnnì ni pé mo ti ka irú rẹ̀ rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ bímọ, àlùfáà wá ní kí n bá wọn kọ́ àwọn ọmọ nípa ìgbà èwe Olúwa wa, pé káfíńtà ló tọ́ Ọ dàgbà, káfíńtà sì lèmi náà. Orí mi wú. Mo ń wá ibi tí Jósẹ́fù ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí n lè rí nǹkan fi kọ́ wọn. Mo kà á síwá, mo kà á sẹ́yìn, mo wọ awò tèmi, mo tún gbé ti àǹtí rẹ lé e. Ọmọ mi, Jósẹ́fù ò sọ gbólóhùn kan! Áńgẹ́lì bá a sọ̀rọ̀, ó dìde, ó gbé ìyá àtọmọ sá lọ, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tí ọmọ pé ọdún méjìlá, wọ́n ń ti tẹ́ńpìlì bọ̀, wọ́n rin odidi ọjọ́ kan nítorí wọ́n rò pé ọmọ wà láàárín èrò. Kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a. Nígbà tí wọ́n sì rí i láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ìyá rẹ̀ ló lanu. Bàbá ń wò. Lẹ́yìn ìgbà náà, a ò gbọ́ ohun tí Jósẹ́fù tún ṣe mọ́.

Ìyá rẹ náà ló máa ń lanu nílé yìí. Ìwọ á béèrè bóyá igi máa ń mọ ìgbà tí a bá ń rẹ́ ẹ, èmi á máa rẹ́ ẹ lọ, ìyá rẹ á dá ọ lóhùn. Ìbéèrè rẹ tó ń gé ni wọlé yẹn ni mo ṣe sọ ọ́ ní Ayùn Kékeré. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti lọ sinmi, kò sì sẹ́ni tó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ pósí fún ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó sọ gígùn rẹ̀ fún mi. Mo sáré lọ síbi férémù ìlẹ̀kùn tí mo ti máa ń fa ìlà gíga rẹ, kí n wò ó bóyá ìwọ náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìlà náà dúró ní ọdún méjìlá, ọdún tí o lọ síléèwé nílùú ńlá. Mi ò mọ bí ọmọ mi ṣe ga tó. Mo ní kí ọkùnrin náà má bínú, kó lọ bá káfíńtà mìíràn. Ìwé Mímọ́ ní bí ọmọ yẹn ṣe ń ga ni ọgbọ́n rẹ̀ ń pọ̀, tí ojúrere Ọlọ́run sì ń bá a gbé. Gíga ni mo mọ̀ ọ́n wọ̀n, ọmọ mi. Ohun tó ń dàgbà nínú rẹ, mi ò béèrè rí.

Lánàá ni mo gbé fóònù lọ bá atúnfóònùṣe, pé kó tú u wò bóyá o há síbì kan níbẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ tí o kọ kẹ́yìn, ó gbójú sókè wò mí. O kọ ọ́ pé ó ti rẹ̀ ọ́, pé o ò rí oorun sùn, pé iṣẹ́ yẹn ti fẹ́ pa ọ́, kí n jọ̀ọ́ bá ọ sọ nǹkan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ tí o kọ ọ́, omi bọ́ lójú mi, mo sì tẹ àtàǹpàkò sí i. Akọ̀wé báǹkì ló kọ́ mi ní títẹ àtàǹpàkò sórí ìwé, torí bí mo ṣe ń kọ orúkọ mi lónìí kọ́ ni mo ń kọ ọ́ lọ́la. Ó ní ibi tí mo bá ti tẹ àtàǹpàkò, èmi fúnra mi ló dúró síbẹ̀. Nígbà tí mo wá rí àtàǹpàkò kékeré inú fóònù, mo rò pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Gbogbo ohun tí o kọ láti ọdún méjì ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, pé bàbá rẹ wà níbí, mo dúró tì ọ́. Atúnfóònùṣe ní rárá o, pé ìtumọ̀ ọwọ́ náà ni pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

O ní olè kó ẹrù rẹ, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. O ní o ṣubú lórí àtẹ̀gùn, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. O ní iṣẹ́ fẹ́ pa ọ́.

Kò dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Kò dáa rárá. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó o máa bọ̀ nílé. Àpótí ìjókòó rẹ ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Bí o bá fẹ́ dá mi lóhùn bí ọmọ yẹn ṣe dá àwọn òbí rẹ̀ lóhùn, pé kí ni mo ń wá ọ kiri sí, mo gbà á, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n rántí pé ó bá wọn padà sílé.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá. Ti àlọ nìkan. Bí mo bá ti rí ọ, a ó jọ wá ti àbọ̀. Awakọ̀ tó ń kó pákó wá síbi tí o wà ló mú ìwé yìí dání, mo ní kó má kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ títí o fi jáde. Bí o ò bá lè kọ nǹkan kan, tẹ àtàǹpàkò rẹ sórí bébà kó mú un bọ̀. Màá mọ̀ ọ́n. Àpá ayùn wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹni tó fi káfíńtà pa Ọmọ Rẹ̀ mọ́, kó pa tèmi náà mọ́. Oorun rẹ á padà wá, o ò ní fi ọ̀nà ilé sílẹ̀, mi ò sì ní fi ọwọ́ mi wọn pósí ọmọ mi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ. Mo fi ọ̀dà igi tẹ àtàǹpàkò mi sísàlẹ̀ yìí. Èyí kì í ṣe ti inú fóònù o.