Ìbọn fún Oko Ẹ̀pà Wa

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹfà 2017

Wọ́n tún ti wá láàárọ̀ yìí. Poro mẹ́rìnlá — gbogbo ẹ̀pà tá a gbìn lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n hú jẹ, poro tẹ̀ lé poro, bí ẹni ń kàwé. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó bí ọgbọ̀n. Màmá Díákónì ló ṣáájú. Èmi ni mo sọ abo ńlá yẹn lórúkọ, nítorí bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ tòun tọmọ, bí ẹni ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Orval, ọkọ mi, yin ìbọn àtijọ́ bàbá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó tó ki ọta míì, oko ti dá. Ó ní a máa ra irú èyí tó ń ki ọta sẹ́nu fúnra ẹ̀: fà á, ó dún, tún fà á, ó tún dún. Mo ní ó yá. Bí ẹ̀pà ọdún yìí bá tún lọ báyìí, a ó ta oko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Dub wá, ẹ̀gbọ́n Orval, tí pápá màlúù ẹ̀ wà lẹ́yìn oko wa. Mọ̀-ọ́n-tán ni mo ń pè é, inú ìwé yìí nìkan o. Ó jẹ ìlàjì páì pẹkán dídùn tí mo yan, ó sì fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ ìbọn. Ó ní ọlọ́ta ńlá nìkan ni ìbọn, pé kò sẹ́ran ní gbogbo Texas tó máa gbà á sára kó tún dìde. Mo bi í pé èjìká ẹni tó ń yìn ín ńkọ́.

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ọkùnrin lèyí."

Mo gbé páì kúrò níwájú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8

Ṣọ́ọ̀bù ìbọn Escamilla. Ọkùnrin gíga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í ti ọjà sí èèyàn lọ́wọ́. Ìbéèrè ló ń bi wá. Báwo ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà ṣe máa ń jìnnà tó? Mélòó ló máa ń wá lẹ́ẹ̀kan? Ilé ta ló wà lẹ́yìn oko? Ta ló máa yìn ín?

Orval dáhùn gbogbo ẹ̀. Nígbà tó kan ti ìkẹyìn, ó yíjú sí ọta tó wà nínú gíláàsì.

Ọlọ́ta ńlá ni Orval gbé — ó wúwo bí ọmọ màlúù. Èmi gbé ọlọ́ta kékeré: ó fúyẹ́, àmọ́ Escamilla ní tí èèyàn ò bá rí ibi tó dáa yìn ín sí, ẹlẹ́dẹ̀ ńlá á gbé ọta náà sá lọ. Ó wá mú alábọ́dé kan jáde. Mo gbé e sí èjìká. Ó jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ó ní ká wá yìn wọ́n wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kan àwo páálí mọ́ òpó, ó jìnnà tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Orval yin ọlọ́ta ńlá lẹ́ẹ̀márùn-ún. Èmi ni mo lọ mú àwo wá.

Kò sí ihò kankan. Ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n rà á.

Mo wẹ̀yìn. Dub ti ń kọ́ Escamilla níṣẹ́ ẹ̀. Mo yọ pẹ́ńsùlù nínú báàgì — ihò kan, ihò méjì, ihò mẹ́ta.

Mo ní mẹ́ta nínú márùn-ún. Dub pàtẹ́wọ́. Orval gba àwo, ó ká a sápò.

Ó kàn mí. Alábọ́dé. Márùn-ún nínú márùn-ún, ti òótọ́. Dub ní afẹ́fẹ́ ló ràn mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí pẹ́ńsùlù. Díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Orval gbé àwo náà sórí tábìlì níbi tá a ti ń mu kọfí. Ó fi ìka wọ́ etí ihò, ìka ẹ̀ dúdú.

"Nelda, ọta wo ló ń kọ̀wé?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ ò jẹ́.

Ó ní láti ìgbà òtútù ni ojú ọ̀tún òun ti dà bí ẹni ń wo inú èéfín. Òpó lòun ń yìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ò rí àwo rárá. Ó wá ní, "Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mi ò mọ̀ bóyá Màmá Díákónì ni mo yìnbọn sí, àbí ọmọ màlúù Dub. Àbí ìwọ."

Èmi wà lẹ́bàá wáyà tó yí oko ká nígbà yẹn, mò ń so ó.

Mo fọ ife kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 14

Dókítà ojú. Awọ funfun ti bo ẹyin ojú, ó ṣeé gé kúrò. Orval di ọwọ́ mi mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Dub tẹ̀ lé wa, a ò pè é. Mo nawọ́ sí alábọ́dé, mo sì ní kí Escamilla dín ìdí ẹ̀ tó ń gbé èjìká kù, èyí tó ṣeé tú tó sì ṣeé fún, kó bá apá mi mu. Dub bẹ̀rẹ̀. Orval ò jẹ́ kó parí ẹ̀.

"Òun ló máa yìn ín, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ríran mọ́."

Ó sọ ọ́ síta níwájú gbogbo èèyàn. Dub ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Máìlì mọ́kànlá. Mo kà á.

Ọjọ́bọ̀, 22

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Orval jókòó tì mí lẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, ó ń fi etí ṣiṣẹ́ ojú. Ó fọwọ́ kan orúnkún mi: apá òsì. Òótọ́ ni. Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn — òkìtì yẹ̀pẹ̀ lásán, kò sí màlúù, kò sí èèyàn. Mo fà á. Màmá Díákónì wólẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo tún fà á, mo tún fà á, mo tún fà á. Mẹ́rin ló wólẹ̀. Àwọn tó kù sá gba odò, wọn ò wẹ̀yìn.

Inú mi ò dùn tó bí mo ṣe rò. Ó ti pẹ́ tá a jọ mọra.

Orval ní wọ́n máa gé awọ ojú òun kúrò lọ́jọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀, tó bá san, òun á gba ìbọn òun. Mo ní kò burú.

Mo ti fún ìdí ìbọn náà pa mọ́ ìwọ̀n apá mi. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n fi ń tú u wà nísàlẹ̀ agolo ìyẹ̀fun. Ọdún mọ́kànlélógójì tá a ti fẹ́ra, Orval ò ṣí agolo yẹn rí.